Àgbàdo Wọ Igba Aṣọ, Ilẹ̀ Wà Níhòòhò

Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ọ̀kan wà nínú àwọn àlọ́ tí bàbá mi máa ń pa fún wa lálẹ́ tó jẹ́ pé wọn ò tíì ní parí ẹ̀ tá a ti máa pariwo ìdáhùn. Ìhòòhò ló lọ sóko, igba aṣọ ló wọ̀ bọ̀ wálé, kí ni o? Àgbàdo! Mo ti pa á fún àwọn ọmọ tèmi náà, mo ti pa á fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìmọye ìgbà. Ó tó ogójì ọdún tí mo ti mọ àlọ́ yẹn kó tó sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan lóko pé kò parí síbẹ̀. Àgbàdo wọ igba aṣọ délé, ó dáa. Ilẹ̀ tó rán aṣọ yẹn fún un ńkọ́? Kí la fi sílẹ̀ fún òun?

Ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí nìyẹn. Pòròpórò, ewé, háhá, ṣùkù, gbogbo nǹkan tó máa ń kù lóko lẹ́yìn tá a bá ti kó àgbàdo tán, tá a máa ń pè ní pàǹtí. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Tíṣà ni mí, Òṣogbo ni mo ń gbé, lápá Òkè-Báálẹ̀ níbẹ̀ yẹn, àmọ́ tó bá ti di Sátidé tàbí họlidé, àgbẹ̀ ni mí. Oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà lọ́nà Ìlobù, ó lé díẹ̀ ní ẹ́kà mẹ́ta, ọ̀kadà máa gbé mi dé ibi tí ọ̀nà gidi ti parí, mo máa wá fẹsẹ̀ rin ìyókù. Àgbàdo ni bàbá mi ń gbìn síbẹ̀ jù, àgbàdo náà ni mo ń gbìn, pẹ̀lú ẹ̀wà àti gbágùúdá díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bàbá mi ò sì fi ọ̀rọ̀ oko mímọ́ ṣeré rárá. Lọ́dọ̀ wọn, oko tó mọ́ ni oko ọmọlúàbí. Tí ẹ bá gba oko ẹnì kan kọjá lóṣù kẹta tí pòròpórò ọdún tó kọjá ṣì wà nílẹ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n máa ń pe onítọ̀hún, wọn ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Torí náà, èmi náà dàgbà sínú ẹ̀ pé tí mo bá kórè tán, mo gbọ́dọ̀ ṣán gbogbo ẹ̀, kí n kó o jọ, kí n finá sí i.

Ẹni tó bá ti sun oko rí mọ bó ṣe máa ń rí. Oṣù kejì ni, ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan débi pé tí ẹ bá fọwọ́ fún ewé àgbàdo ó máa di ìyẹ̀fun. Ẹ máa ti ro etí oko yíká kí iná má bàa gbà á kọjá, ẹ máa dúró di ìrọ̀lẹ́ kí atẹ́gùn rọlẹ̀, ẹ ó wá ṣáná sí ìkángun kan. Ariwo ẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń dé, pàrà-pàrà, torí inú pòròpórò ló ń bẹ́. Lẹ́yìn náà àwòdì máa yọ lókè, wọ́n á máa yí po, wọ́n ń dúró de tata àti eku tó ń sá jáde. Àwa ọmọdé náà ń lé eku kiri. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ á dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á mọ́ tónítóní, bàbá mi á dúró lábẹ́ igi ìyeyè, wọ́n á máa wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. Iná kú, ó feérú bojú, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló jẹ kó tó kú.

Ó jẹ nǹkan púpọ̀ o. Mo wá kà nípa ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn pé nitrogen, oúnjẹ tí irúgbìn nílò gan-an láti dàgbà, tó wà nínú pòròpórò àti ewé, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa ń bá èéfín lọ ni, sulphur náà ń bá a lọ. Ohun tó ń kù nínú eérú ni àwọn oúnjẹ irúgbìn míì, potassium, calcium àti phosphorus, ìdí nìyẹn tí àgbàdo tá a bá gbìn sórí eérú fi máa ń dúdú minimini fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tá a máa rò pé iná ṣe wá lóore. Bẹ́ẹ̀ eérú ọ̀hún gan-an, òjò ńlá àkọ́kọ́ lè gbá èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ lọ sódò. Nitrogen tó sì bá èéfín lọ yẹn náà la tún ń lọ fowó gidi rà padà nínú àpò yúríà, ajílẹ̀ òyìnbó, lọ́jà Ìgbóná.

Ohun tó jẹ́ kí n dẹ́kun ẹ̀ kì í ṣe ìwé kankan ṣá. Iná ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ lé mi kúrò. Lọ́dún kan, mo sun oko tán, mo rò pé gbogbo ẹ̀ ti kú, mo sì ti fẹ́ẹ́ délé kí wọ́n tó pè mí lórí fóònù pé iná ti gba orí kùkùté kan kọjá sóko Bàbá tó bá mi pààlà. Wọ́n ní ọ̀pẹ kéékèèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn síbẹ̀, ọ̀pẹ agric tí wọ́n fowó ra ọmọ ẹ̀. Mẹ́rìnlá ló jó. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé mi lọ, a san díẹ̀, wọ́n sì gbà, wọn ò ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Wọ́n kàn ní, "Tíṣà, iná ò mọ ààlà, ìwọ ló yẹ kó o mọ̀ ọ́n." Ojú tì mí débi pé ní ọdún tó tẹ̀lé e, mi ò lè ṣáná sí apá tó kan oko wọn. Mo sun ìyókù, mo fi apá ibẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú pòròpórò ẹ̀ àti ìtàkùn ẹ̀wà tí mo gbìn síbẹ̀ kẹ́yìn, mo kàn dá wọn dùbúlẹ̀, mo sì gbin àgbàdo sí àárín ẹ̀.

Ọdún yẹn ni òjò ṣe wá bó ṣe wù ú. Ẹ̀yin ará Òṣogbo mọ̀ pé òjò wa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta sí ìkẹrin, á sinmi díẹ̀ lóṣù kẹjọ, á tún padà wá títí di oṣù kẹwàá. Àmọ́ ọdún yẹn, àárín oṣù kẹfà ló dáwọ́ dúró, àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ni, àsìkò tí kò yẹ kí òǹgbẹ gbẹ ẹ́ rárá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kó tó yọ irun àti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, ìgbà yẹn ni àgbàdo máa ń pinnu iye ọmọ tó máa gbé, tí kò bá rí omi nígbà yẹn, ẹ lè fi gbogbo omi Ọ̀ṣun bomi rin ín lẹ́yìn náà, ọmọ tí kò gbà dúró ò ní padà wá mọ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni òjò ò fi rọ̀, mo kà á. Apá tí mo sun, ewé ẹ̀ ká róbótó bíi sìgá láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Apá ọ̀dọ̀ Bàbá ò ká títí di ọ̀sán gangan, tó bá sì di àṣálẹ́ ó máa na ara ẹ̀ padà.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé pòròpórò kan kúrò níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Mo fẹ́ kí ẹ rí nǹkan tí mo rí. Abẹ́ pòròpórò yẹn dúdú, ó tutù, ó lọ́rinrin bí ìsàlẹ̀ àmù. Fọ́nrán funfun tín-tìn-tín kan ti na ara ẹ̀ gba ara ewé tó ń jẹrà, bí òwú aláǹtakùn, ekòló méjì ń wọ́ sá fún oòrùn, òórùn tó jáde wá dà bí òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Mo ti ìka mi bọ ilẹ̀, ó wọlé dé oríkèé kejì láìsí wàhálà. Mo wá rìn bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí apá tí mo sun, mo ṣe ohun kan náà, èékánná mi ò wọlé. Ilẹ̀ ti dì, ó ti le bíi síménì, ó sì gbóná débi pé mi ò lè gbé ọwọ́ lé e pẹ́. Ilẹ̀ kan náà, olóko kan náà, èso kan náà tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Nígbà tá a kórè, apá tí mo sun, ọmọ orí ṣùkù ẹ̀ ṣe gátagàta, apá kejì kún dáadáa. Orí ìdúró yẹn ni mo wà nígbà tí àlọ́ bàbá mi padà wá sí mi lọ́kàn.

Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa níbí rárá, pé ọ̀nà ò tiẹ̀ jìn sí wa. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, onímọ̀ ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Rattan Lal, ọmọ India, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1970 títí di 1987, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ohun tí òjò ń ṣe sí ilẹ̀ tó wà níhòòhò àti èyí tí wọ́n fi pòròpórò bò, lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ àtèyí tó dà gẹ̀rẹ́ gan-an. Èyí tí wọ́n bò, òjò ò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan gbá lọ nínú ẹ̀, ooru ò sì pa á bíi ti ìhòòhò. Ọdún 2020 ni wọ́n fún un ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ìbàdàn, níbí níbí! Èéfín oko wa fẹ́ẹ̀ máa gba ojú wọn kọjá, àmọ́ nǹkan tí wọ́n rí níbẹ̀ ò rìn dé oko bàbá mi. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí, torí bàbá mi ìbá gbọ́ tí ẹnì kan bá wá bá wọn sọ ọ́ ní Yorùbá tó ṣe kedere.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni mo fẹ́ lọ báyìí, torí mo máa ń rí àwọn èèyàn tó ń kọ ọ́ bí ẹni pé nǹkan ìrọ̀rùn ni, má sun ún, fi sílẹ̀, ó tán. Kò tán síbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Katsina ni wọ́n gbé mi lọ nígbà tí mo ń ṣe kọ́pà, lágbègbè Funtua. Àgbàdo pọ̀ níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ rò pé jéró àti ọkà bàbà nìkan ni Hausa ń gbìn. Àmọ́ òjò wọn ò dà bíi tiwa, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń wá, ó máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù karùn-ún sí ìkẹfà, tó bá ti di oṣù kẹwàá ó ti ká ẹrù ẹ̀ lọ, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Lóṣù kọkànlá mo rí nǹkan tí ojú mi ò rí rí. Oko lọ rẹrẹẹrẹ, pòròpórò ò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n sun ún, wọ́n kó o ni. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ru ú débi tí ẹ ò ní rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ mẹ́rin kàn ń rìn bọ̀ lábẹ́ òkè ewé. Kara ni wọ́n ń pè é. Wọ́n to ó sórí òrùlé, wọ́n gbé e há orí igi kí ewúrẹ́ má bàa dé ibẹ̀, wọ́n fi ń ṣọgbà, wọ́n fi ń dáná, wọ́n ń fún ẹran jẹ títí òjò fi máa padà dé. Ìtàkùn ẹ̀wà àti ti ẹ̀pà tó ti gbẹ ní orúkọ tiẹ̀, harawa, wọ́n ń dì í ní ìdì-ìdì tà lọ́jà bí ìgbà téèyàn ń ta ẹ̀fọ́. Èyí tí wọn ò bá kó, àwọn darandaran máa da màlúù sí i, màlúù á jẹ ewé, á yàgbẹ́ sílẹ̀, àwọn olóko kan tiẹ̀ máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá sùn sóko àwọn fún ọjọ́ mélòó kan nítorí ìgbẹ́ yẹn.

Mo sọ fún bàbá onílé wa níbẹ̀ pé iná la máa ń fi sí tiwa. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ṣé a ò ní ẹran ni? Mi ò rí èsì kan gidi fún wọn.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tí mo wá ń ronú nípa ilẹ̀, ni mo tó rí i pé ìyà kan náà ló ń jẹ ilẹ̀ wa àti tiwọn, ọ̀nà tó gbà dé bẹ̀ ló yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ilẹ̀ ò rí jẹ torí pé àwọn tó fẹ́ jẹ pọ̀ jù. Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ò rí jẹ torí pé iná la gbé tiẹ̀ fún. Ẹ ò wá lè lọ bá ẹni tó wà ní Katsina tàbí Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger, tí màlúù méjì ẹ̀ ni báńkì ẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó fi gbogbo kara sílẹ̀ lóko kí ó jẹrà. Kí màlúù jẹ kí? Ìwọ̀nba àgbàdo tó bá sì fún un ní tọ́ọ̀nù kan hóró, bíi tọ́ọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ló máa fi sílẹ̀ ní pòròpórò àti ewé. Níbi tí òjò ò ti pọ̀, hóró ò pọ̀, pòròpórò náà ò ní pọ̀, ibi tí ilẹ̀ sì ti nílò ìbora jù gan-an nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ tí kò dórí èyí, kò tíì dé oko rí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pípín. Màlúù ò fẹ́ràn ìdí pòròpórò, ewé àti apá òkè ló máa ń jẹ, ibẹ̀ ni agbára oúnjẹ wà. Ìdí pòròpórò tó le bí igi, ilẹ̀ ló ni ín, ó sì pẹ́ lórí ilẹ̀ ju ewé lọ, ìyẹn ló dáa jù nínú ẹ̀ẹ̀rùn gígùn. Tí àgbẹ̀ bá sì gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo tàbí kó fi ẹ̀wà tẹ̀lé e, ìtàkùn ẹ̀wà máa wúlò fún ẹran ju pòròpórò lọ fíìfíì, ẹran á yó, ọwọ́ ẹ̀ á kúrò lára ìpín ilẹ̀. Ẹ̀wà yẹn kan náà tún ń fa nitrogen látinú afẹ́fẹ́ sí gbòǹgbò ẹ̀. Ìgbẹ́ màlúù náà sì gbọ́dọ̀ padà sóko, kì í ṣe pé kó wà nínú ọgbà ilé títí òjò fi máa gbá a lọ.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kì í da ilẹ̀ rú pọ̀ jù máa ń sọ pé tí ẹ bá gbin nǹkan tán, ó kéré tán 30% ojú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì wà lábẹ́ ìbora. Báwo lẹ ṣe máa mọ 30%? Ojú lásán máa ń purọ́ fún wa. Mo ra okùn, èmi àti àwọn ọmọ mi jókòó sí fàráńdà, a ta kókó ọgọ́rùn-ún sí i, ìdajì mítà láàárín ọ̀kan sí èkejì. A gbé e lọ sóko, a fà á gba ìbú kọjá, kò tẹ̀lé ìlà àgbàdo, ọmọ mi obìnrin ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ó ń ka iye kókó tó bọ́ sórí pòròpórò tàbí ewé. Kókó mẹ́rìnlélógún níbi tí mo rò pé ó ti bò dáadáa! Ìdajì ni mo fojú dá a sí. Látìgbà náà, tí mo bá fẹ́ fún Bàbá ní ewé fún ewúrẹ́ wọn, okùn yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ fà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọdún tó tẹ̀lé e náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sá padà sídìí ìṣáná. Inú mi dùn sí ohun tí mo rí, mo wá fi pòròpórò bo gbogbo oko, nípọn, mo tiẹ̀ tún da èyí tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò lé e. Mo gé èyí tó pọ̀, mo fọkọ́ bò ó mọ́ inú ilẹ̀ nírètí pé ó máa tètè jẹrà. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí àgbàdo hù, gbogbo ẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó dúró sójú kan. Àwọn tó ń kọjá ní ṣe bí a ti wí nìyẹn, ìdọ̀tí ló ń pa á.

Kì í ṣe ìdọ̀tí. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín inú ilẹ̀ tó ń jẹ pòròpórò, àwọn náà nílò nitrogen kí wọ́n tó lè jẹ ẹ́, pòròpórò àgbàdo ò sì ní in tó, carbon inú ẹ̀ tó ìlọ́po àádọ́ta nitrogen inú ẹ̀, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀. Torí náà wọ́n máa ya èyí tó kù lò nínú ilẹ̀, wọ́n á gbà á mọ́ àgbàdo lẹ́nu, nígbà tó bá yá tí wọ́n bá kú wọ́n á dá a padà, àmọ́ àgbàdo ò lè dúró dè wọ́n. Mo ti bu iyán sílẹ̀ fún àlejò, mi ò fún un lọ́bẹ̀, ó wá lọ bu ọbẹ̀ lábọ́ ọmọ mi. Èyí tí mo bò mọ́lẹ̀ ló burú jù, torí wọ́n tètè rí i jẹ. Èyí tó bá wà lójú ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ìnira ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Ìdí sì nìyẹn tí apá ọ̀dọ̀ Bàbá fi dáa lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀wà ló kúrò níbẹ̀, pòròpórò ibẹ̀ ò sì nípọn.

Nǹkan tí mo ń ṣe báyìí ò le. Mi ò fọkọ́ bo pòròpórò mọ́lẹ̀ mọ́, mi ò sì kọ ebè fún àgbàdo mọ́. Pòròpórò máa dùbúlẹ̀ ní ìbú, kó dá omi dúró lórí ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, mo máa ya ìlà sáàárín ẹ̀, mo máa fi ṣóńṣó àdá lu ihò, 75 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìlà sí ìlà, 25 láàárín ihò sí ihò, hóró kan kan. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà máa wọ ilẹ̀ ṣáájú, tí mo bá sì fẹ́ fi yúríà sí i, inú ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ẹ̀ ni mo máa bò ó sí, mi ò ní fọ́n ọn sórí pòròpórò torí ibẹ̀ ni yóò parí sí. Koríko ti dín kù, àmọ́ ẹ̀kan ò gbọ́ ti pòròpórò, inú ẹ̀ ló ń gbà yọrí, ìyẹn ṣì ń gba ọwọ́ mi gan-an.

Kòkòrò ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń bi mí, ìbéèrè gidi sì ni. Kòkòrò tó ń gbẹ́ inú pòròpórò máa ń sùn síbẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀rùn dé òjò, mo ti la pòròpórò kan rí tí mo bá mẹ́ta nínú ẹ̀, wọ́n pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, orí wọn dúdú, wọ́n ká jọ bí ọmọ inú oyún. Tí pòròpórò bá wà lórí ìdúró tàbí tí ẹ kó o jọ gègèrè, ẹ ti bá a kọ́lé nìyẹn. Tí ẹ bá dá a dùbúlẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn ìkórè tí oòrùn ọyẹ́ sì ń pa á tààrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ooru àti gbígbẹ máa pa púpọ̀ nínú wọn. Ibi tó bá ti pọ̀ jù lóòótọ́, mo máa ń kó pòròpórò ibẹ̀ nìkan lọ sídìí ààrò. Ní ti kòkòrò tuntun tó ń jẹ ọkàn àgbàdo, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà lọ́dún 2016 tó da oko wa rú, inú ilẹ̀ ni ìyẹn máa ń wọ̀ lọ di ìdin tó ń sùn, kì í ṣe inú pòròpórò gbígbẹ. Sísun pòròpórò ò kàn án.

Ikán ni mo fi sẹ́yìn, torí òun ló pẹ́ jù kí n tó gbà fún. Kò sí ọmọ àgbẹ̀ tí wọn ò tọ́ láti kórìíra ikán. Lọ́dún tí mo bo ilẹ̀, ikán yọ sí abẹ́ pòròpórò bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n, mo ti ń ronú àtira kẹ́míkà. Ìgbà yẹn ni mo kà nípa Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ kan ní Yatenga, àríwá Burkina Faso, níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti sọ ilẹ̀ di apáta. Ní nǹkan bí 1980 ló mú ọgbọ́n àtijọ́ àwọn baba wọn, ihò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní zaï, ó mú un fẹ̀ sí i, ó ń gbẹ́ ẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ẹlòmíì ń sinmi, ó ń da ìgbẹ́ ẹran, ewé àti pàǹtí oko sínú ẹ̀. Wọ́n ní orí ẹ̀ dàrú. Ikán ló ń retí! Ikán wá nítorí ewé yẹn, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà gba inú ilẹ̀ líle wọlẹ̀, nígbà tí òjò dé, ọ̀nà ikán ni omi gbà wọlé. Ọkà bàbà àti jéró hù níbi tí nǹkan ò ti hù mọ́, igi tẹ̀lé e, ó di igbó. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn àgbáyé kan, Right Livelihood Award, lọ́dún 2018, ó sì kú lọ́dún 2023. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ka ìtàn yẹn. Ọkùnrin kan tí kò ní trákítọ̀, tí kò ní páìpù omi, ó fi pàǹtí háyà ikán.

Mi ò ra kẹ́míkà mọ́. Mo wò wọ́n fún odidi ọdún kan. Lóko tèmi, tí òkú pòròpórò bá wà nílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń jẹ, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yà sára èyí tó wà láàyè, ibi tí mo ti sun tẹ́lẹ̀ tí wọn ò rí nǹkan jẹ ni wọ́n ti máa ń gé àgbàdo lulẹ̀ tó bá ku díẹ̀ ká kórè. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀, mo máa ń lọ wo ẹnu ihò wọn, omi ń wọlé níbẹ̀ wọ̀ọ̀.

A kórè àgbàdo àrọ̀kúrò tán ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bàbá wá bá mi lánàá, wọ́n fẹ́ ewé fún àwọn ewúrẹ́ wọn. Mo ní kí wọ́n máa ṣẹ́ ewé, kí wọ́n bá mi fi ìdí ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wo ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀pẹ wọn tó ti ga ju èèyàn lọ báyìí, wọ́n ní àwọn ò ní sun ìlà mẹ́rin tó kángun sí tèmi lọ́dún yìí, àwọn náà fẹ́ wò ó. Wọ́n wá ní, "Tíṣà, okùn tí ẹ fi ń ka ilẹ̀ yẹn, bá mi mú un dání ní Sátidé." Ó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kókó mẹ́ta ti tú nínú ẹ̀, mo fẹ́ tún un ta lálẹ́ òní.